Apá Mi Ká A: Ohun tí ìkápá ń ṣe fún ìlera wa, àti ohun tí kò lè ṣe

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Màmá, dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, oògùn náà kò sì dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n rí gbà lórí WhatsApp, tí wọ́n kọ sí i pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i dájú pé ẹni tó bá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ara òun le, ara rẹ̀ yóò le. Màmá gbà á lọ́kàn lóòótọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, a sì sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni pé a tètè débẹ̀.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. Àbúrò mi ní irọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn, pé oògùn nìkan ló ń wo àìsàn. Ọkọ Màmá ní kò sí ohun tó kan oògùn tàbí èrò ọkàn, ohun tí Ẹlẹ́dàá bá ti kọ ni yóò ṣẹ. Màmá fúnra wọn ní bóyá ìgbàgbọ́ àwọn ni kò tó. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló dùn mí jù, torí ó ti di pé aláìsàn ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí àìsàn.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ṣòro ni pé ìwádìí gidi wà nídìí rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, ní Ìlú Ọba. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri ti gé e lórí, wọ́n ti gé e nídìí, èyí tó kù lọ́wọ́ wa sì lè pààyàn. Ẹ jẹ́ ká tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

## Kí ni à ń pè ní ìkápá?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí àwọn onímọ̀ tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ọ, tí o wò ó, tí o rí i pé o lè ṣe é, wàá ní, "Apá mi ká a." Bí ọ̀rọ̀ ọmọ, gbèsè tàbí àìsàn bá ti ju agbára ẹni lọ, a ó ní, "Apá mi ò ká a mọ́." Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ń wọ̀n nìyẹn: bí ẹnì kan ṣe gbà tó pé ohun tí òun bá ṣe lónìí lè yí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òun lọ́la padà. Òun ni mo ń pè ní ìkápá nínú àlàyé yìí.

Ìkápá kì í ṣe agbára fúnra rẹ̀. Bí a ṣe rí agbára wa sí ni. Olówó wà tó gbà pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí ayé òun, alágbàṣe sì wà tó gbà pé ọwọ́ òun tó nǹkan. Ìkápá kì í sì í ṣe ìrètí. Ẹni tó ní "Yóò dára" ní ìrètí. Ẹni tó ní "Mo mọ ohun tí màá ṣe kó lè dára" ló ní ìkápá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Màmá da méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kadà. Ọ̀nà kan náà, kòtò kan náà, eré kan náà. Ẹni tó ń wà á fọkàn balẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ti di èjìká rẹ̀ mú pinpin, àyà rẹ̀ sì ń já ní gbogbo kòtò. Ewu tó wà níwájú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ọ̀kan ní bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀, èkejì kò ní.

Julian Rotter, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí a lè wọ̀n, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1966. Ó fi gbólóhùn méjì méjì síwájú àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú èyí tí wọ́n gbà gbọ́, ó sì fi ìyẹn mọ ẹni tó gbà pé ọwọ́ òun ni àbájáde ayé òun wà, àti ẹni tó gbà pé ọwọ́ oríire tàbí ọwọ́ àwọn alágbára ló wà. Ní 1978, Kenneth àti Barbara Wallston pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn pín in sí mẹ́ta ní ti ìlera: ọwọ́ mi, ọwọ́ àwọn tó jù mí lọ, ọwọ́ àkọsẹ̀bá. Ibà mú ẹni mẹ́ta. Ẹnì kan ní, "Àìlo nẹ́ẹ̀tì mi ló fà á." Ẹnì kejì ní, "Dókítà ló mọ ohun tó yẹ." Ẹnì kẹta ní, "Ibà kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀." Ibà kan náà ló mú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú wọn máa ṣe lálẹ́ ọ̀la kò ní jọra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní díẹ̀díẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## "Ṣé ara le?": ìlera lójú ẹni tó ni ara

Bí ọ̀rọ̀ ìlera bá délẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ sọ la máa ń wò: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àwòrán egungun. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ìyẹn ni kí a bi ẹni náà. "Lápapọ̀, báwo lẹ ṣe rí ìlera yín? Ṣé ó dára jọjọ, ṣé ó dára gan-an, ṣé ó dára, ṣé ó mọ níwọ̀n, àbí kò dára?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni ìlera lójú ẹni.

Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, àmọ́ ohun tó ń tú jáde jinlẹ̀. Ní Manitoba, ní Kánádà, Jana Mossey àti Evelyn Shapiro tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà tó lé ní 3,000, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọdún bíi mélòó kan. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1982, àwọn tó ní ìlera àwọn kò dára ń kú tó bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó ní tiwọn dára jọjọ. Wọ́n sì ti yọ ìyàtọ̀ ọjọ́ orí àti àìsàn tó wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Ní 1997, Ellen Idler àti Yael Benyamini kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 27 jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ohun kan náà ló sì hàn nínú èyí tó pọ̀ jù: ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni ara ń sọ ohun tí àyẹ̀wò kò sọ.

Ẹni tó ń gbé inú ara kan mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé tí òun ń gùn láìmí lọ́dún tó kọjá ti ń mú òun dúró lágbede méjì. Ó mọ̀ pé oorun òun kò dùn mọ́. Ó mọ ohun tó pa bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n òun. Kò sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ka gbogbo ìyẹn pọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Àwa Yorùbá ń béèrè ìbéèrè yìí láràárọ̀. "Ṣé ara le?" "A dúpẹ́." Ìdáhùn wa ni kò ṣeé gbára lé, torí pé "A dúpẹ́" lè ti ẹnu ẹni tí ara rẹ̀ jí pépé wá, ó sì lè ti ẹnu ẹni tí kò sùn látàná wá. Nígbà tí mo bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn àgbà mi, mo máa ń fi ìbéèrè kejì tì í: "Tí ẹ bá fi ara yín wé ẹgbẹ́ yín ńkọ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìyẹn náà ló jẹ́ kó yé mi ìdí tí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn fi lè sọ pé ara òun le, tí kò sì parọ́. Ó ti ka iye àwọn tí wọ́n jọ ṣe kékeré tó ṣì ń rìn wá sí ìpàdé.

## Ọ̀nà wo ni ìkápá ń gbà wọnú ara?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ṣòroó rí. Ẹni tó gbà pé ọwọ́ òun tó o ló máa ń lo oògùn lákòókò, tó ń dín iyọ̀ kù, tó ń tètè lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó ti gbà pé ohun tó máa pa òun kò ní ṣàìpa òun, kí ló máa torí ẹ̀ jí rìn láàárọ̀?

Ọ̀nà kejì ló fara sin. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara a máa tú àwọn kẹ́míkà kan sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline àti cortisol wà lára wọn. Ọkàn á máa lù kíkan, ìfúnpá á gòkè, ṣúgà á tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ ká lè sá fún màlúù tó já. Ẹ fi wé jẹnẹrétọ̀. Èyí tí a tàn nígbà tí iná lọ, tí a pa nígbà tí iná dé, máa ń pẹ́. Èyí tí a tàn sílẹ̀ tọ̀sán tòru kò ní pẹ́ tó fi jóná, bó ti wù kó dára tó. Ẹni tó mọ ohun tí òun lè ṣe sí wàhálà máa ń rí ọwọ́ fi pa jẹnẹrétọ̀ náà: ó ti wá nǹkan ṣe sí i, ara rẹ̀ lè sinmi. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ọ̀rọ̀ náà ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí. Ọdún mẹ́wàá irú ìyẹn kì í lọ láìfi àpá sí ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà lójú ọ̀nà yìí. Ní 1967, Martin Seligman àti Steven Maier fi ajá ṣe àyẹ̀wò kan tó ṣòroó kà. Wọ́n ń fi iná mànàmáná ta àwọn ajá náà. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n lè tì tí iná á fi dúró, àwọn yòókù kò ní. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ síbi tí fífò kékeré kan á ti gbà wọ́n sílẹ̀, àwọn tó ti ní agbára tẹ́lẹ̀ fò. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù dùbúlẹ̀. Wọ́n ti kọ́ pé akitiyan kò lérè. Bí mo bá rí àgbàlagbà tí wọ́n ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ojú, tó sì ní "Kí la fẹ́ fi ṣe?", mo máa ń bi ara mi pé ìgbà mélòó ni ó ti gbìyànjú rí tí kò yọrí sí nǹkan kan.

Ọ̀nà kẹta ni bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí ara ń sọ, òun ló sì fara kan ìlera lójú ẹni jù. Orúnkún dun èèyàn méjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹnì kan ní, "Mo rìn jù lánàá, màá fi omi gbígbóná jó o." Èkejì ní, "Ó ti parí nìyẹn, ogbó ti dé." Ìrora kan náà ni. Bí a bá bi wọ́n léèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni àkọ́kọ́ á ní ìlera òun dára.

## Kí ni wọ́n rí lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London?

A máa ń rò pé ọ̀gá ni wàhálà ń pa, pé òjíṣẹ́ kò ní ìṣòro. Michael Marmot àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí òdìkejì. Láti 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308 ní London, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 35 sí 55, nínú ìwádìí tí à ń pè ní Whitehall II. Kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú wọn. Gbogbo wọn níṣẹ́, gbogbo wọn ló lè rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ìlera Ìlú Ọba. Síbẹ̀, bí ipò ẹnì kan ṣe ń relẹ̀ sí i ni àrùn ọkàn ń pọ̀ sí i, láti orí àkàbà dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe láàárín olówó àti tálákà nìkan.

Nígbà tí wọ́n wá ìdí, ohun kan yọrí nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1997: ẹni tí kò lẹ́nu nínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Ta ló ń pinnu ohun tí o máa kọ́kọ́ ṣe? Ta ló ń sọ bí o ṣe máa ṣe é, àti ìgbà tí o lè dìde? Àwọn tí ìpinnu wọn kéré níbi iṣẹ́ ni àrùn ọkàn bá jù, èyí sì ṣàlàyé apá ńlá nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀gá pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló mọ ìgbà tó máa pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1998, Margie Lachman àti Suzanne Weaver gbé iṣẹ́ kan jáde láti inú ìwádìí ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn àgbàlagbà láti ẹni ọdún 25 dé 75. Wọ́n rí i pé, lápapọ̀, ìkápá àwọn tí owó wọn kéré kéré sí ti olówó, ìlera wọn náà sì rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí owó wọn kéré yìí, àwọn tí ìkápá wọn ga sọ nípa ìlera àti ìfọkànbalẹ̀ wọn ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn olówó.

Irú àbájáde báyìí ni wọ́n ń gé kúrú fi ránṣẹ́ kiri, bí ìgbà pé òtòṣì tó bá ti "ronú dáadáa" kò nílò nǹkan mìíràn. Ẹ tún gbólóhùn tó ṣáájú kà. Àìlówó fúnra rẹ̀ ń gba ìkápá lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tí ìyá onílé lè lé jáde nígbàkúùgbà, tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà lọ́la, irọ́ kọ́ ló ń pa nígbà tó ní apá òun kò ká a.

## Kí ni òdòdó ń ṣe nínú yàrá àwọn arúgbó?

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí kéré, ó sì rọrùn. Ellen Langer àti Judith Rodin ló gbé e jáde ní 1976, láti inú ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Amẹ́ríkà. Àwọn arúgbó 91 ló kópa, ní àjà méjì nínú ilé náà. Alábòójútó ilé pe àwọn tó wà ní àjà kan jọ. Ó ní ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ ara wọn wà: kí wọ́n to yàrá wọn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n yan alẹ́ tí wọ́n máa wo sinimá. Ó gbé òdòdó inú ìkòkò kéékèèké wá, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀kan, kó sì máa bomi rin ín fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà ló bá àwọn àjà kejì sọ. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ láti mú inú wọn dùn. Wọ́n fún àwọn náà ní òdòdó. Nọ́ọ̀sì ni yóò máa bomi rin ín. Wọ́n yan alẹ́ sinimá fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ń bomi rin òdòdó wọn ti ń jáde sí i, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí ìwádìí náà dá lé sì ní ara wọn ti yá sí i. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, èèyàn 7 ti kú nínú 47 ní àjà àkọ́kọ́, 13 nínú 44 ní ti èkejì. Àwọn èèyàn náà kò pọ̀, àjà méjì péré ni wọ́n sì lò, nítorí náà mi ò ní fi iye ikú yẹn búra. Ohun tó dá mi lójú ni ti ọ̀sẹ̀ kẹta, torí mo ti rí òdìkejì rẹ̀ nínú ilé wa àti nínú ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ìyá tó ń tajà ní ọjà ìlú kékeré, tó ń dá owó èésú, tó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti iye tó jẹ. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ ní kó má dá nìkan wà, wọ́n gbé e wá sí Lẹ́kí tàbí sí Houston. "Ẹ jókòó, Mọ́mì." "Ẹ má fọwọ́ kan abọ́ yẹn." "A ti pàṣẹ oúnjẹ." Ilẹ̀kùn wà ní títì, kò mọ ọ̀nà ibì kankan, owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ kò yá mọ́. Wọ́n á gbé e kiri ọsibítù, dókítà á ní òun kò rí nǹkan kan. Ìfẹ́ àjà kejì ni àwọn ọmọ náà fún un. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, mi ò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fún un ní òdòdó tó máa bomi rin fúnra rẹ̀: owó tó máa fi ra ata, ojúlé kan tó máa rìn dé, ọmọ tó máa kọ́ ní oríkì. Bí ẹ bá sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí dókítà bá òun sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Richard Schulz, olùwádìí ará Amẹ́ríkà mìíràn, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ láti máa kí àwọn arúgbó nínú ilé ìtọ́jú. Àwọn tó ń yan ìgbà tí àlejò máa wá, àti àwọn tí wọ́n ń sọ ìgbà náà fún ṣáájú, ni ara wọn yá jù. Ìwádìí parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò wá mọ́. Nígbà tí Schulz àti Barbara Hanusa padà wo ọ̀rọ̀ náà ní 1978, àwọn gan-an tó ti gbádùn rẹ̀ ni ara wọn ti lọ sílẹ̀. Kí a fún arúgbó ní agbára kí a sì tún gbà á padà lè burú ju kí a má fún un rárá.

## Ṣé ìkápá ló ń mú ara le, àbí ara líle ló ń mú ìkápá wá?

Méjèèjì ni. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù kò lè dìde lọ ibi tó wù ú. Ìkápá rẹ̀ á dín kù nítorí àìsàn, kì í ṣe pé àìní ìkápá ló mú àìsàn wá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹ̀lé èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún dípò kí wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ti ṣe nínú ìwádìí Whitehall. Bí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìkápá lónìí máa ń fara hàn lára ìlera lẹ́yìn ọ̀la, ìlera náà sì máa ń dá a padà fún ìkápá. Wọ́n ń fa ara wọn. Nígbà ogbó, ìkápá sábà máa ń dín kù, torí náà ìgbà yẹn ló yẹ kí a ṣọ́ ọ jù.

## Ṣé ìkápá lè pa ènìyàn lára?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, apá yìí ni ọ̀rọ̀ WhatsApp kì í sọ láéláé.

Ní 1978, Sherman James, onímọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, jókòó ti àgbẹ̀ kan ní North Carolina tó ti fẹ̀yìn tì. John Henry Martin lorúkọ rẹ̀, ọdún 1907 ni wọ́n bí i, nínú òṣì paraku. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ sílé ìwé. Ó kọ́ ara rẹ̀ láti kà àti láti kọ, ó ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru láti bọ́ nínú gbèsè àwọn onílẹ̀, nígbà tó fi máa pé ẹni ogójì ọdún, éékà ilẹ̀ 75 ti di tirẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tó gbà pé apá òun ká ayé òun, òun nìyẹn. Kó tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un, oríkèé ń dùn ún, ọgbẹ́ inú sì bá a débi pé wọ́n ní láti gé lára àpòlúkù rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ rán James létí John Henry inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ojú irin tó fi òòlù bá ẹ̀rọ díje, tó borí ẹ̀rọ, tó sì ṣubú lulẹ̀ kú. James bẹ̀rẹ̀ sí í wọn irú ìgbàgbọ́ yìí, pé bí nǹkan bá le, èmi náà á le sí i. Nínú ohun tó gbé jáde ní 1983 lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìgbèríko North Carolina, àwọn tí ìgbàgbọ́ yìí lágbára nínú wọn, tí ẹ̀kọ́ wọn sì kéré, ni ìfúnpá wọn ga jù.

Ìkápá tó ní ọwọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́ ń tu ara. Ìkápá tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ bí kò ṣe eegun ara rẹ̀ ń jẹ eegun náà. Mo ń ronú nípa rẹ̀ bí mo bá rí obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin láti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó tún ń tajà lálẹ́, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin, tí gbogbo ayé ń yìn pé ó lágbára. Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn ṣì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí gbogbo èèyàn wọ inú ètò náà. Kí a sọ fún obìnrin yìí pé ìlera rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, láì fi nǹkan kan sí ọwọ́ náà, ìkà ni.

## Kádàrá àti àdúrà ńkọ́?

Ọkọ Màmá rò pé ìmọ̀ yìí ń bá Ẹlẹ́dàá du ipò. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa náà kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè lọ tààrà, wọ́n mú èyí tó dára lójú wọn, òjò pa á lọ́nà, ó sì jẹ ẹ́ tán. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó rú ẹbọ, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó bá pàdé, wọ́n sì bá a ṣa orí tó le. Ẹlẹ́dàá wà nínú ìtàn náà, yíyàn wà níbẹ̀, ìbéèrè wà níbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀. Ifá kan náà ló sọ pé àwọn orí pé jọ gbìmọ̀ láìpe Ẹsẹ̀, ìmọ̀ wọn kò sì ṣẹ.

Neal Krause, onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan, wo ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbà pé àwọn àti Ọlọ́run jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ayé wọn. Ohun tó gbé jáde ní 2005 ni pé àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn àti ìrètí sí i, ẹ̀rù ikú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bà wọ́n, pàápàá jù lọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbàdúrà tán tó sì gbé oògùn rẹ̀ mì wà nínú rẹ̀.

## Ṣé a lè kọ́ ìkápá?

Ó ṣeé kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán kì í kọ́ ọ. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, fi hàn láti 1977 pé ohun tó ń gbin ìgbàgbọ́ "mo lè ṣe é" sí èèyàn nínú jù ni pé ó ti ṣe é rí. Lẹ́yìn náà ni pé ó rí ẹni bíi tirẹ̀ tó ṣe é. Ìyànjú ẹnu ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Kate Lorig ní Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ lórí ìmọ̀ yìí fún àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ló sábà ń darí ìpàdé. Lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú á mú ohun kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe: màá rìn yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di ọjọ́ Sátidé. Wọ́n á bi í pé, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe dá a lójú tó pé òun máa ṣe é? Bí kò bá tó méje, wọn kì í ní kó gbìyànjú sí i. Wọ́n á ní kó gé ohun náà kúrú títí tó fi máa tó méje.

Òun la ṣe fún Màmá. A ra ẹ̀rọ ìfúnpá kékeré kan fún wọn, ọmọ mi fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n, a sì fún wọn ní ìwé olójú ewé tí wọ́n á máa kọ nọ́ńbà sí. Oògùn wọn, ọwọ́ wọn ló wà. Kò sí ẹni tó ń kà á fún wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn sì padà. Mo bi wọ́n iye tó dá wọn lójú, wọ́n ní márùn-ún. A gé e kù sí ilé Ìyá Rísí, ìyẹn di mẹ́jọ.

Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ní, "Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta, Mà. Ṣé ara le?" Wọn kò sọ pé "A dúpẹ́." Wọ́n ní kí n dúró kí àwọn mú ìwé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì ka ti ọjọ́ mẹ́ta sí mi létí níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní èyí tó gùn sókè díẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mọ ohun tó fà á.